Adé Orí Fìlà: Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣe Báàjì Tuntun fún Àwọn Ọmọ Ogun Ọba Charles

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Mo kí ẹ̀yin àgbà, mo kí ẹ̀yin ọ̀dọ́, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ irin wẹ́wẹ́. Báàjì fìlà ológun ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, èyí tí wọ́n ń tún ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí pé ọba tuntun gorí ìtẹ́. Ohun tí mo ní í sọ kò pọ̀: ibi tí báàjì ti ń dára tàbí tí ó ti ń bàjẹ́, kí bàbà tó dé ibi iṣẹ́ ni. Ibi tí wọ́n ti ń fín irin òǹtẹ̀ ni, ìyẹn irin tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán sára bàbà, àti ibi tí ìjọba ti ń fọwọ́ sí àpẹẹrẹ.

Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá. Ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 ni Ọbabìnrin Elizabeth Kejì wàjà ní Balmoral, ọjọ́ náà gan-an sì ni Charles di ọba. Kí oṣù náà tó parí ni ààfin ti gbé àmì orúkọ rẹ̀ jáde: lẹ́tà C (Charles) àti R (Rex, ìyẹn ọba lédè Látìn) tó wọnú ara wọn, III nínú R, adé lókè. College of Arms, àwọn tó ń bójú tó àmì oyè nílẹ̀ náà, ló yà á. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ adé yẹn yóò rí i pé kì í ṣe adé tí ìyá rẹ̀ lò.

Adé St Edward ni ìyá rẹ̀ yàn. Adé gidi ni, ọdún 1661 ni wọ́n ṣe é fún Charles Kejì, ó wúwo ju kílógíráàmù méjì lọ, ó sì wà ní Tower of London títí di òní. Tí wọ́n bá yà á sórí báàjì, ọ̀pá ìdè rẹ̀ tó gba orí kọjá máa ń tẹ̀ wọlé láàárín, níbi tí àgbélébùú jókòó sí. Adé Tudor, tó ń jẹ́ orúkọ ìdílé ọba àtijọ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni Charles yàn, kì í sì í tẹ̀ wọlé ní tirẹ̀. Ńṣe ni ọ̀pá ìdè rẹ̀ yọ sókè, ó ṣe kòǹgbà bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Gbogbo ìyàtọ̀ tí ojú lè rí láti ọ̀nà jíjìn kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé adé Tudor fúnra rẹ̀ kò sí mọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bẹ́ orí Charles Kìíní lọ́dún 1649, àwọn aṣòfin ní kí wọ́n fọ́ ọ, kí wọ́n yọ́ wúrà rẹ̀. Àwòrán adé tó ti ṣègbé láti ọdún yẹn ni àwọn sójà ń gbé sórí lónìí.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ lórí fìlà ṣáá. Edward Keje ló kọ́kọ́ gbé e wọ iṣẹ́ ológun ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, George Karùn-ún lò ó, George Kẹfà náà lò ó títí ó fi wàjà lọ́dún 1952. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń kó báàjì jọ fi ń pe ọ̀kan ní adé ọba, tí wọ́n ń pe èkejì ní adé ọbabìnrin. Kò sí òfin tó so adé kan mọ́ ọkùnrin tàbí obìnrin o. Ìfẹ́ inú ẹni tó wà lórí ìtẹ́ ni.

Ta ni ọ̀rọ̀ yìí wá kàn nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun? Kì í ṣe gbogbo wọn. Ìràwọ̀ oyè Garter ni àwọn Coldstream Guards ń lò, ewébẹ̀ leek, ìbátan àlùbọ́sà, ni ti Welsh Guards. Ọba ì báà pààrọ̀ adé lẹ́ẹ̀mẹwàá, kò kan ewébẹ̀. Àwọn tí iṣẹ́ já lé lórí ni àwọn tí adé wà lókè àmì wọn: ìbọn ńlá àwọn Royal Artillery, Mercury, òrìṣà oníṣẹ́ àwọn ará Róòmù àtijọ́, tí àwọn Royal Signals ń pè ní Jimmy, ìyẹ́ apá àti agboòrùn ìfò àwọn Parachute Regiment, fèrè àwọn Rifles. Àwọn tí tiwọn wá le jù ni Royal Engineers àti àwọn ẹlẹ́ṣin ààfin, Life Guards àti Blues and Royals, nítorí pé àmì orúkọ ọba fúnra rẹ̀ wà láàárín báàjì wọn. Lára tiwọn, adé yí padà, lẹ́tà náà yí padà, E II R kúrò, C III R wọlé.

Àwọn bàbá wa tó lọ sí Ogun Bọ́mà bọ́ lọ́wọ́ irú wàhálà yìí nígbà náà lọ́hùn-ún, ó kéré tán lára àmì apá aṣọ wọn. Aláǹtakùn ni ẹ̀ka ogun 81 láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà fi ṣe àmì, ọ̀kọ̀ tó kọjá lára wọn ni ti ẹ̀ka 82. Kò sí adé lórí aláǹtakùn. Lẹ́yìn náà ni orúkọ ọbabìnrin wọ inú iṣẹ́ ológun wa: nígbà tí Elizabeth wá sí Nàìjíríà lọ́dún 1956 ni wọ́n sọ Nigeria Regiment di Queen's Own Nigeria Regiment, a gba òmìnira, ó di Royal Nigerian Army. Nígbà tí a di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò ní ọba Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1963, Royal náà kúrò níwájú orúkọ. Ohun tó ń dààmú ìlú London lónìí kò kan wa mọ́, àfi àwọn ọmọ wa tó wọṣẹ́ ológun lọ́hùn-ún.

Ẹ jẹ́ ká wá wọ ibi iṣẹ́.

Wọn kò ní fọwọ́ kan bàbà rárá tí irin òǹtẹ̀ kò bá tíì délẹ̀. Irin líle ni, òkìtì irin onígun mẹ́rin tí wọ́n ti fi iná dẹ̀ kó lè ṣeé fín. Ẹni tó ń fín in gbọ́dọ̀ máa ro ohun gbogbo ní òdì. Ibi tí yóò yọ síta lára báàjì, inú ni yóò gbẹ́ ẹ sí. Ọ̀tún yóò di òsì. Lẹ́tà yóò dojú kọ ẹ̀yìn. Láyé àtijọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀ ní Birmingham, pẹ̀lú irin ìfín tẹ́ẹ́rẹ́ àti irin kéékèèké tí wọ́n ń fi òòlù kàn wọlé láti mú kóró péálì ara adé jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ dé, tó ń tọ ipa àwòrán ńlá tó sì ń dín in kù sórí irin kékeré. Lónìí, ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí ló ń gbẹ́ ẹ.

Ẹ má jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tàn yín o. Irin tó ń yí tó fi ń gbẹ́, ẹnu rẹ̀ rí roboto, kò sì lè wọ igun tó há. Ibi tí ìyẹ́ ẹyẹ bá ti pàdé ara wọn, ibi tí ọ̀pá ìdè adé bá ti jókòó sórí òrùka adé, ẹ̀rọ a fi wọ́n sílẹ̀ ní rọ̀bọ̀tọ̀. Iléeṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ yóò ní ẹnì kan tó máa jókòó ti irin náà lẹ́yìn ẹ̀rọ, tó máa fi ọwọ́ mú àwọn igun yẹn jáde. Iléeṣẹ́ tó fẹ́ tètè gbowó yóò fo ibẹ̀ dá. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìgbà yẹn, gbogbo báàjì tó bá ti ara irin yẹn jáde ni yóò máa ru àmì àìsí ọwọ́ náà.

Tí wọ́n bá fín in tán, wọ́n á sọ ọ́ sínú iná títí yóò fi pọ́n, wọ́n á rì í bọ inú òróró tàbí omi kó le, wọ́n á tún yán an díẹ̀ kó má bàa le jù. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Irin tó le jù yóò sán nígbà tí òòlù bá dé. Èyí tí kò le tó yóò jẹ lójú kíákíá, kóró péálì á máa dàpọ̀ mọ́ ara wọn, kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Bàbà ló kàn. Kì í ṣe idẹ pupa rúsúrúsú tí à ń fi ṣe agogo. Bàbà tí wọ́n fi síńkì díẹ̀ sí, bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tàbí kó lé díẹ̀, ni wọ́n fẹ́, nítorí pé ó rọ̀, ó sì ń wọ gbogbo kọ̀rọ̀ irin òǹtẹ̀. Wọ́n á tẹ́ pátákó rẹ̀ sórí irin náà, òòlù ńlá á já lù ú láti òkè. Lílù kan kò tó. Bí wọ́n bá ti lù ú, bàbà á le, wọ́n á tún fi iná dẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi ásíìdì fọ èérí iná kúrò, wọ́n á tún lù ú. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ kí àwòrán yọ síta dáadáa ni wọ́n ń tún un lù. Ẹni tó bá fẹ́ dín owó kù yóò fi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lù ú, á sì lo bàbà tó fẹ́lẹ́. Tí ẹ bá yí irú báàjì bẹ́ẹ̀ padà wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ó rí i pé ihò ẹ̀yìn kò jìn, àwòrán iwájú náà sì sùn sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni irin mìíràn yóò gé etí rẹ̀, tí òmíràn yóò sì lu àwọn ihò inú rẹ̀. Fún adé Tudor, ihò wọ̀nyí ṣe pàtàkì. Adé orí báàjì lè máà ju sẹ̀ǹtímítà kan àtààbọ̀ lọ ní fífẹ̀. Bí wọn kò bá lu àlàfo abẹ́ ọ̀pá ìdè, tàbí tí irin òǹtẹ̀ bá ti jẹ lójú, kòǹgbà yẹn á tẹ́ pẹrẹsẹ. Sójà á gbé adé ọba sórí, ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ á máa rò pé ti ìyá ọba ni. Nígbà náà, kí ni wọ́n náwó sí?

Ìparí iṣẹ́ ni fífi iná lẹ irin ẹ̀yìn mọ́ ọn. Ó lè jẹ́ irin pẹlẹbẹ gígùn tó ń wọ inú ihò ara fìlà, ó lè jẹ́ òrùka méjì tí píìnì ń gbà kọjá. Àwọn èèyàn kì í ka ibí yìí sí, àmọ́ òun ni sójà máa ń ráhùn lé lórí jù, nítorí pé báàjì tí irin ẹ̀yìn rẹ̀ já ti di ohun àpamọ́wọ́ lásán.

Ọ̀nà mìíràn tún wà, ìyẹn dídà. Wọ́n á yọ́ síńkì, ẹ̀rọ á tì í tipátipá sínú àpòtí ìdà, wọ́n á fi wúrà tàbí níkẹ́ẹ̀lì bò ó lójú. Ó yá, ó pọ́ọ́kú, ẹ̀yìn rẹ̀ sì máa ń kún dọ́gba dípò kó ní ihò. Lójú báàjì bẹ́ẹ̀, etí gbogbo nǹkan á rọ̀, ihò kéékèèké á sì máa hàn bí wúrà bá ti ń ṣí. Mi ò sọ pé dídà burú o! Èmi ọmọ Yorùbá ló ń sọ̀rọ̀. Orí idẹ àti bàbà tí wọ́n hú jáde ní Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1938, ìda oyin ni wọ́n fi mọ wọ́n kí wọ́n tó dà wọ́n, ilà ojú wọn tẹ́ẹ́rẹ́ títí dòní. Ṣùgbọ́n orí kan, ìda kan, ọ̀gá kan tó fi ara balẹ̀. Báàjì ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí ẹ̀rọ ń tú jáde láàárọ̀ kò sí nínú ẹbí yẹn.

Ìtàn báàjì Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kún fún ìgbà tí ọwọ́ dilẹ̀ àti ìgbà tí ó kánjú. Lọ́dún 1916, nígbà ogun àgbáyé kìíní, wọ́n kó irin funfun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ bàbà kúrò, wọ́n fi bàbà nìkan ṣe é láti fi dín iṣẹ́ kù. Nígbà ogun kejì, ike ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn nítorí pé irin wọ́n. Nígbà tí Elizabeth dé orí oyè lọ́dún 1952, àkókò náà gan-an ni alumíníọ́mù aláwọ̀ wúrà, tí wọ́n ń pè ní Staybrite, wọlé. Wọ́n á lù ú bí wọ́n ṣe ń lu bàbà, wọ́n á rì í sínú ásíìdì tí iná mànàmáná ń gbà kọjá, àwọ̀ wúrà á wọ inú ojú rẹ̀. Inú sójà dùn, ó bọ́ lọ́wọ́ Brasso, ohun tí wọ́n fi ń nu bàbà kó lè dán. Èmi kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó fúyẹ́ jù, dídán rẹ̀ a máa gún ojú, bí ó bá sì ha, ó ti ha títí láé, kò sí ohun tí a lè fi nù ún kó tún padà bọ̀ sípò. Bàbà tí wọ́n ń fi Brasso nù fún ogún ọdún á jẹ lójú lóòótọ́, àmọ́ ó ń jẹ pẹ̀lú ẹwà.

Ẹnìkan lè ní, ṣebí adé Tudor yìí náà ni wọ́n lò títí di 1952, kí ló dé tí wọn kò lọ gbé irin òǹtẹ̀ àtijọ́ jáde? Àwọn irin náà kò tíì tán nílẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ ń fi wọ́n lu báàjì tuntun tà fún àwọn tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ogun ni kò sí mọ́. Láàárín ọdún 70 tí ìyá ọba fi wà lórí ìtẹ́, wọ́n da rẹ́jímẹ́ǹtì pọ̀ mọ́ rẹ́jímẹ́ǹtì, wọ́n sì dá àwọn tuntun sílẹ̀. Army Air Corps, 1957. Royal Logistic Corps, 1993. The Rifles, 2007. Àwọn wọ̀nyí kò gbé adé Tudor sórí rí láyé wọn. Ohun tuntun pátápátá ni wọ́n ní láti fín fún wọn, kì í sì í ṣe irin kan: ti fìlà yàtọ̀, ti ọrùn ẹ̀wù yàtọ̀, ti ọ̀gá yàtọ̀, bọ́tìnnì tún wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀gá mìíràn sì rèé, okùn wúrà tí wọ́n fi ọwọ́ rán ni tiwọn, èyí tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ń wá láti Sialkot ní Pakistan.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ ogun orí ilẹ̀ nìkan lé ní 70,000, gbogbo irin òǹtẹ̀ sì fẹ́ fífín lẹ́ẹ̀kan náà, ní orílẹ̀-èdè tí àwọn tó mọ̀ ọ́n fín ti dín kù. Àwọn iléeṣẹ́ tó lórúkọ ṣì wà, bíi Firmin àti Toye, Kenning & Spencer, tí ìtàn àwọn méjèèjì ti wà láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Àmọ́ iṣẹ́ òwò ìjọba a máa lọ bá ẹni tí iye tó dá lé e bá kéré jù, òkèèrè sì ni ẹni náà máa ń wà. Lápá ìparí ọdún 2024, àwọn ìwé ìròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé e jáde pé báàjì tuntun ń falẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù pé tí wọ́n bá ṣe é ní Ṣáínà, wọ́n lè fi ohun tó ń ṣọ́ni pa mọ́ sínú rẹ̀. Gbogbo ayé sọ̀rọ̀ amí. Ní tèmi, báàjì olówó pọ́ọ́kú tó nípọn ní ẹ̀yìn, tí inú rẹ̀ kún, ni èèyàn lè fura sí. Báàjì tí wọ́n lù dáadáa, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ihò tó tẹ̀lé gbogbo ìlà iwájú, níbo ni amí fẹ́ sá sí nínú rẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣe é kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ohun tó ń ba báàjì jẹ́. Oníṣẹ́ ọwọ́ wà níbi gbogbo. Ohun tí oníbàárà bá gbà ni wọn yóò máa fún un. Àwọn ará àtijọ́ mọ èyí. Iléeṣẹ́ ogun wọn a máa mú ẹyọ báàjì kan tí wọ́n ti yẹ̀ wò fínnífínní, wọ́n á so káàdì mọ́ ọn, wọ́n á fi ìda pupa tẹ òǹtẹ̀ sí i, wọ́n á sì tọ́jú rẹ̀. Gbogbo ẹrù tó bá dé, ẹ̀gbẹ́ ẹyọ yẹn ni wọ́n ń gbé e sí. Bí adé rẹ̀ kò bá ga tó ti ẹyọ yẹn, ó padà sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é. Ẹyọ tó ní òǹtẹ̀ ìda yẹn ló ń sọ iye bàbà, jíjìn àwòrán, bí irin ẹ̀yìn ṣe lẹ̀ mọ́ ọn, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Tí wọ́n bá fọwọ́ sí àwòrán orí kọ̀ǹpútà nìkan láìmú ẹyọ gidi dání, ohun tó bá bá wọn, ọwọ́ wọn ni wọ́n fi fà á.

Ìjọba wọn ti ní díẹ̀díẹ̀ ni àwọn máa pààrọ̀ nǹkan, bí ti àtijọ́ bá ṣe ń gbó. Mo fara mọ́ ọn. Lọ́jọ́ ìwúyè ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, adé ìyá ọba ṣì wà lórí fìlà ọ̀pọ̀ sójà tó tò sójú pópó, ìwúyè náà kò sì bàjẹ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àwọn ará Kánádà ni mo káàánú fún díẹ̀: ọjọ́ ìwúyè yẹn gan-an ni wọ́n gbé adé tiwọn jáde, ewé maple ló wà lára òrùka rẹ̀, èérún yìnyín ló sì wà lókè dípò àgbélébùú. Ó wuyì lórí ìwé. Ẹ wá fojú inú wo ẹni tó fẹ́ fín èérún yìnyín ẹlẹ́ka mẹ́fà ní òdì sínú irin, ní ìwọ̀n tí kò tó mìlímítà mẹ́ta.

Ẹ̀gbọ́n kan ti béèrè lọ́wọ́ mi pé bí William, àkọ́bí Charles, bá jọba ńkọ́, ṣé gbogbo rẹ̀ ni wọn yóò tún bẹ̀rẹ̀? Ó kù sọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá di adé Tudor mú, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe lọ́dún 1910 àti lẹ́ẹ̀mejì nínú ọdún 1936, àwọn Artillery, àwọn Signals àti àwọn Rifles kò ní yí ohunkóhun padà. Ti Royal Engineers ni kò ní àjàbọ́, nítorí lẹ́tà C gbọ́dọ̀ kúrò. Ó ti bá wọn rí: Edward Kẹjọ kò pé ọdún kan lórí ìtẹ́ kó tó fi í sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1936, síbẹ̀ wọ́n ti lu báàjì tó ní àmì orúkọ rẹ̀. Ojúlówó rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ayédèrú rẹ̀ sì wà lọ́jà. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kọ́ irin fífín, bí ẹ bá fẹ́ oníbàárà tí yóò máa padà wá, àwọn Royal Engineers ni kí ẹ lọ bá ṣọ̀rẹ́.